Láti Orí Òkè Dé Etí Odò: Ìtàn Ìlera ní Ilẹ̀ Kàbà

Ẹ̀yin ará, àwa ará Owé, Ìyàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Ọ̀wọ̀rọ̀ ní àṣà kan tí ó yà wá sọ́tọ̀ láàrin àwọn ọmọ Yorùbá: bí a bá pàdé ara wa, "Okun" ni a fi ń kí ara wa, títí àwọn aládùúgbò wa fi fi ọ̀rọ̀ náà sọ wá lórúkọ. Gbogbo ẹni tí ó gbọ́ Yorùbá ni ó sì mọ̀ pé okun ni agbára tí ó wà nínú ara. Ènìyàn tí ó ń fi agbára kí ẹnìkejì rẹ̀ ní òwúrọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó yẹ kí ó lè dáhùn bí a bá bi í léèrè pé: níbo ni agbára náà ti ń wá, kí sì ni ó ń gbà á lọ́wọ́ ẹni? Lórí ìbéèrè yìí ni a ó sọ̀rọ̀, a ó sì gba ọ̀nà ìtàn lọ, nítorí ìtàn ilẹ̀ wa ti dáhùn rẹ̀ lọ́nà tí ó hàn ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti rò lọ.

A mọ ìdáhùn tí a máa ń gbọ́ ní agbo ilé. Bí ọmọdé bá kú, àwọn kan á ní ọ̀tá ni ó pa á. Àwọn mìíràn á ní bí orí rẹ̀ ti yàn án nìyẹn. Àwọn tí ó kàwé díẹ̀ nínú wa á sì ní ìyá rẹ̀ kò mọ ìtọ́jú. Ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dàbí ohun tí ó jìnnà sí ara wọn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, nítorí ẹnì kan ṣoṣo ni olúkúlùkù wọn ń wá láti dì mú. Lójú tiwa, àìsàn kì í sábà ti ọ̀dọ̀ ẹnì kan wá. Ilẹ̀ tí a ń gbé ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Bí ìlú ti ń ṣe sí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ ní ìpín tirẹ̀, ìpín náà kò sì kéré. Ara tí a bí mọ́ ènìyàn àti ìwà tí ó ń hù ní ìpín tiwọn pẹ̀lú. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò máa fi ìyà jẹ aláìṣẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ó sì ti rí ní ọ̀pọ̀ ilé wa, níbi tí ó jẹ́ pé obìnrin tí ó ń sunkún ọmọ rẹ̀ ni a tún ń pè ní ẹni tí ó pa ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òkè. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Tápà láti Bídà ń gbógun ti ilẹ̀ wa, púpọ̀ nínú àwọn baba wa fi pẹ̀tẹ́lẹ̀ sílẹ̀, wọ́n gun orí àpáta lọ láti kọ́lé síbẹ̀. Masaba àti Umaru Majigi, tí wọ́n jọba ní Bídà tẹ̀lé ara wọn, kò gba owó àti ohun oko nìkan ní ìṣákọ́lẹ̀. Wọ́n ń gba ènìyàn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí apá rẹ̀ lè gbé ọkọ́ àti ọ̀dọ́bìnrin tí ó lè bímọ ni olówò ẹrú ń fẹ́. Àwọn tí ó ṣẹ́kù nílé ni arúgbó àti ọmọ ọwọ́, àwọn tí kò lè bọ́ ara wọn. Òkè dára fún ààbò, ṣùgbọ́n oko kò sí lórí àpáta. Ìsàlẹ̀ ni ilẹ̀ tí ó lọ́ràá wà, ìsàlẹ̀ náà ni ọ̀tá sì wà. Iṣu tí ẹ̀rù kò jẹ́ kí a wà, ebi ni ó bí. Ara tí ebi bá sì ti fà gbẹ kì í lè bá ibà tàbí ìgbẹ́ gbuuru jà. Bẹ́ẹ̀ ni ogun ṣe ń pa ènìyàn lẹ́yìn tí àwọn jagunjagun ti padà sí ilé wọn.

Ó pẹ́ tí a ti ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé pé ogun ẹrú nìkan ni ó mú kí ènìyàn kéré ní ilẹ̀ àárín Nàìjíríà. Ní 1969, Michael Mason, ẹni tí ó ṣe ìwádìí ìtàn ilẹ̀ Tápà, kọ̀wé láti ta ko ọ̀rọ̀ yìí; ó ní ogun ẹrú nìkan kò tó láti fi ṣàlàyé rẹ̀, ó sì yẹ kí a wo àwọn ìdí mìíràn. Àwọn mìíràn dá a lóhùn, àríyànjiyàn náà sì gbóná. Ní tiwa, a kò rí ìdí tí a fi ní láti mú ọ̀kan kí a sì jù èkejì nù. Ilẹ̀ kan lè jẹ́ ilẹ̀ tí ó le láti gbé, kí ogun sì wá sọ ọ́ di ilẹ̀ tí a kò lè gbé mọ́. Ohun tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé ni pé àwọn tí ó kú lórí òkè ní àkókò náà kò kú nítorí àìmọ́tótó wọn tàbí nítorí orí wọn.

Nísinsìnyí ẹ jẹ́ kí a sọ̀kalẹ̀ lọ sí etí odò, sí ibi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núè ti pàdé, nítòsí àwọn ará wa ní Ọ̀wọ̀rọ̀, nítorí níbẹ̀ ni ayé ti kọ́ ẹ̀kọ́ ńlá kan nípa ibà.

Ní 1841, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rán ọkọ̀ mẹ́ta, Albert, Wilberforce àti Soudan, wá sí odò Ọya, láti bá àwọn ọba dá májẹ̀mú kí òwò ẹrú lè parí, àti láti dá oko àwòṣe kan sílẹ̀ ní ibi tí odò méjèèjì ti pàdé. Samuel Ajayi Crowther, tí kò tí ì di àlùfáà nígbà náà, wà nínú ọkọ̀, òun àti J. F. Schön, ọmọ Jámánì tí ó jẹ́ òjíṣẹ́ C.M.S. Àwọn tí ó rán wọn kò fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú ọ̀rọ̀ ìlera. Ní ìgbà náà, àwọn oníṣègùn gbà pé atẹ́gùn búburú tí ó ń jáde láti inú irà ni ó ń mú ibà wá. Orúkọ tí wọ́n fún un, malaria, atẹ́gùn búburú náà ni ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè Itálì. Nítorí náà ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Reid ṣe ẹ̀rọ sínú àwọn ọkọ̀ náà, tí ó ń fa atẹ́gùn gba inú àpótí irin kan tí a kó oògùn sí, kí ó lè mọ́ kí ó tó dé imú àwọn atukọ̀. Ẹ̀rọ náà dára, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò gba inú àpótí irin kọjá.

Ní oṣù September ni wọ́n dé ibi tí odò ti pàdé. Kí oṣù náà tó parí, a ti dá ọkọ̀ méjì padà sí òkun pẹ̀lú ẹrù aláìsàn. Nínú àwọn òyìnbó 145 tí ó wọ odò náà, 130 ni ibà dá dúbúlẹ̀, ó sì lé ní 40 tí ó kú. Ní ti àwọn ènìyàn dúdú tí ó wà nínú ọkọ̀ kan náà, tí wọ́n mu omi kan náà, tí wọ́n sì mí atẹ́gùn kan náà, díẹ̀ ni ibà mú nínú wọn, kò sì pa ọ̀kan. A ó padà sórí ọ̀rọ̀ yìí. Oko àwòṣe náà kò pé ọdún kan tí a fi pa á tì.

Lẹ́yìn ọdún 13, ní 1854, ọkọ̀ mìíràn wá, Pleiad ni orúkọ rẹ̀. Dókítà William Balfour Baikie ni olórí rẹ̀, Crowther sì tún wà níbẹ̀. Baikie ń fún àwọn òyìnbó 12 tí ó wà pẹ̀lú rẹ̀ ní kuníìnì lójoojúmọ́ nínú wáìnì, kí ibà tó mú wọn rárá. Inú èèpo igi kan ní Amẹ́ríkà ti Gúúsù ni a ti ń rí oògùn náà. Àwọn ọmọ Faransé méjì ni ó yọ ọ́ jáde láti inú èèpo ní 1820. Ọkọ̀ náà lo ọjọ́ 118 lórí odò, ó gba ibi tí odò ti pàdé kọjá, ó sì wọ inú Bẹ́núè lọ jìnnà. Nígbà tí ó padà, kò sí ẹnì kan tí ó kú. Crowther kọ ìròyìn ìrìn àjò náà, a sì tẹ̀ ẹ́ ní 1855.

Ẹ fi ọkàn sí ọdún 1854 yìí, nítorí ohun mìíràn ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀ ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù. Ní ìgbà tí Pleiad wà lórí odò, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ ní àdúgbò kan tí ń jẹ́ Soho, ó sì pa ju 500 ènìyàn lọ láàrin ọjọ́ mẹ́wàá. Dókítà John Snow lọ láti ilé dé ilé, ó ń bi wọ́n léèrè ibi tí olúkúlùkù ti ń pọn omi, ó sì rí i pé ẹ̀rọ omi kan ní Broad Street ni ọ̀pọ̀ àwọn òkú náà ti mu. Ó bá àwọn aláṣẹ àdúgbò sọ̀rọ̀, wọ́n sì yọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà kúrò ní ọjọ́ 8 oṣù September. Kò sí ẹni tí ó fi oògùn kan wo àdúgbò náà sàn.

Àwọn dókítà méjèèjì kò mọ kòkòrò tí ó ń fa àrùn tí wọ́n ń bá jà, bẹ́ẹ̀ sì ni ìṣẹ́gun wọn jẹ́ òtítọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn yàtọ̀ gidigidi. Ti Baikie wà ní ọwọ́ ẹni kọ̀ọ̀kan: ẹni tí ó bá gbé oògùn mì, ó bọ́, ẹni tí kò bá rí i, ibà ń dúró dè é ní bèbè odò. Ti Snow wà ní ọwọ́ àdúgbò: olówó àti tálákà, ẹni tí ó gbọ́n àti ẹni tí kò gbọ́n, gbogbo wọn ni yíyọ ọwọ́ ẹ̀rọ náà gbà. Nígbà tí Pleiad sì lọ, kuníìnì bá a lọ. Ọmọ tí ibà ń mú ní Ọ̀wọ̀rọ̀ àti ní Bùnú kò mọ̀ pé ohun kan ti yí padà ní ayé.

Ọdún 1897 ni a tún ní láti dúró dè díẹ̀. Ní oṣù January ọdún náà, àwọn ọmọ ogun Royal Niger Company gbéra láti Lọ́kọ́jà wá sí Kàbà. Àwọn Tápà ti kúrò kí wọ́n tó dé, agbára Bídà sì kúrò lórí wa. Ní oṣù August ọdún kan náà, ní Secunderabad ní ilẹ̀ Íńdíà, Ronald Ross, dókítà ọmọ ogun, la inú ẹ̀fọn kan, ó sì rí kòkòrò ibà níbẹ̀. Ọmọ Faransé kan, Laveran, ti rí kòkòrò náà nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn ní 1880, ní Àlùjíríà. Ohun tí Ross fi kún un ni ọ̀nà tí ó ń gbà wọlé. Láàrin oṣù mẹ́jọ, ohun méjì tí ó ti ń dẹ́rù bà wá jù lọ, ọ̀kan ti jáde kúrò lórí ilẹ̀ wa, a sì ti mọ ẹsẹ̀ èkejì.

Kí ni a fi ìmọ̀ tuntun yìí ṣe? Apá kan nínú rẹ̀ ni ó bà wá nínú jẹ́. Àwọn oníṣègùn rí i pé kòkòrò ibà kún inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé wa, àní àwọn tí ń ṣeré kiri. A ti lérò pé ẹni tí ó rí èyí yóò wí pé, ẹ jẹ́ kí a wo àwọn ọmọ náà sàn. Ohun tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wí ni pé kí àwọn òyìnbó jìnnà sí wọn. Nígbà ìjọba Lugard, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́kọ́jà ní ọjọ́ kìíní oṣù January 1900, ó di ìlànà pé kí àlàfo yáàdì 440 wà láàrin ilé àwọn òyìnbó àti ilé àwọn ènìyàn dúdú, nítorí wọ́n rò pé ẹ̀fọn kò lè fò kọjá ibẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ wa nínú rẹ̀. Gbogbo wọn kọ́ ni ó gba èyí. William MacGregor, Gómìnà Èkó láti 1899 di 1904, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ dókítà, kò fẹ́ kí a ya ènìyàn sọ́tọ̀. Ó ń gbẹ́ ojú omi láti fa irà gbẹ, ó sì ń pín kuníìnì fún onílé àti àlejò. Ìmọ̀ kan náà ni ó wà lọ́wọ́ àwọn méjèèjì. Ìpinnu ìjọba ni ó sọ ẹni tí yóò jẹ́ tirẹ̀.

A ti ṣèlérí láti padà sórí àwọn ènìyàn dúdú tí ibà kò pa ní 1841. Ìdí méjì ni ó wà, ọ̀kan ti ilẹ̀, ọ̀kan ti ẹ̀jẹ̀. Ti ìṣáájú ni pé ẹni tí a bí sí àárín ẹ̀fọn, tí ibà sì ti mú ní ìgbà púpọ̀ ní kékeré tí kò kú, ara rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n, kò sì lè pa á bí ó ti ń pa àlejò. Ṣùgbọ́n ẹ ronú iye owó tí a fi ra ààbò náà: àwọn ọmọ tí kò la ìgbà púpọ̀ yẹn já. Èkejì ni Anthony Allison fi hàn ní 1954 láti inú ìwádìí rẹ̀ ní Áfíríkà ti Ìlà-Oòrùn: ẹ̀jẹ̀ kan wà, tí a ń pè ní AS, tí ibà kì í tètè pa ẹni tí ó ní i ní kékeré. Bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ọmọ Nàìjíríà ni ó ní i. Láti ìran dé ìran ni ẹ̀fọn ti ń ṣa àwọn tí kò ní i kúrò láàrin wa, tí àwọn tí ó ní i sì ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀bùn yìí ní ìdà nínú. Bí ọkùnrin AS bá fẹ́ obìnrin AS, ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá bímọ, ó lè jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́rin pé ọmọ náà yóò jẹ́ SS, tí í ṣe àrùn tí a ń pè ní fòníkú-fọ̀ladìde: ọmọ tí eegun ń dùn, tí ojú rẹ̀ ń pọ́n bí osùn, tí ó ń kú ní kékeré. Ẹ jẹ́ kí a rántí ohun tí àwọn baba wa ń pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Àbíkú ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń fi abẹ sí i lára kí wọ́n lè dá a mọ̀ bí ó bá tún padà wá. Kì í ṣe gbogbo àbíkú ni ó jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀. Ibà, éèyi àti ìgbẹ́ gbuuru pa púpọ̀ nínú wọn. Ṣùgbọ́n ilé tí ó bí mẹ́rin tí ó sì sin mẹ́ta ní irú ìrora kan náà, a mọ̀ nísinsìnyí pé ìdajì ìdí rẹ̀ wà nínú ara bàbá, ìdajì nínú ara ìyá, kò sì sí èyí tí ó mọ̀ ọ́n ṣe nínú wọn. Nínú gbogbo àwọn ìyàwó tí a lé jáde pé àjẹ́ ni wọ́n, mélòó ni ọkọ wọn ti gbé ìdajì ọ̀ràn náà wá sílé fúnra rẹ̀? Ní ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí, a ń béèrè ìwé ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó fẹ́ ṣe ìgbéyàwó kí a tó kéde wọn. A fọwọ́ sí i, bí a bá ti ń béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ọkọ pẹ̀lú, tí a kò sì fi í dójú ti ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí ogun ti parí, àwọn ènìyàn wa bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, àwọn mìíràn tinútinú, àwọn mìíràn nítorí pé ìjọba fẹ́ kí wọ́n wà ní etí ọ̀nà níbi tí a ti lè ka orí wọn fún owó orí. Àlàáfíà mú oúnjẹ wá. Ó mú ọ̀nà wá pẹ̀lú, ohun gbogbo sì ń rin ọ̀nà. Tommie Titcombe, ọmọ Kánádà láti inú ìjọ S.I.M., dé Ẹ̀gbẹ̀ ní 1908, iṣẹ́ ìwòsàn tí ó gbilẹ̀ ní ìlú náà lẹ́yìn náà sì wá láti inú iṣẹ́ ìjọ náà. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin wa ń lọ ṣe lébìrà ní ìhà gúúsù, wọ́n ń mú aṣọ àti owó bọ̀. Ní September 1918, ọkọ̀ òkun kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Bida, bí ẹni pé orúkọ náà kò tí ì tó wa, gbé àrùn ìfúlúẹ́ńsà dé Èkó láti etí òkun Gánà. Ọkọ̀ ojú irin àti àwọn arìnrìn-àjò pín in káàkiri. Àwọn òpìtàn fojú bù ú pé bí 500,000 ènìyàn ni ó kú ní Nàìjíríà kí ọdún tí ó tẹ̀ lé e tó jìnnà. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó lè sọ pé bí àwọn òkú ti hùwà ni ó pa wọ́n.

Ẹ jẹ́ kí a kúrò ní ilẹ̀ wa fún ìgbà díẹ̀, kí a lọ sọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò wa, nítorí níbẹ̀ ni a ti fi ojú rí ohun tí ìlú lè ṣe fún ọmọdé. Ìmẹ̀sí-Ilé wà nítòsí ibi tí a ti ja ogun Kírìjì, èyí tí a dá májẹ̀mú láti parí rẹ̀ ní 1886. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley, tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, bẹ̀rẹ̀ sí ka àwọn ọmọ ìlú náà láti ìgbà ìbí wọn. Ohun tí ó ń pa wọ́n kì í ṣe àrùn àjèjì: éèyi, ikọ́, ìgbẹ́ gbuuru àti ibà, lórí ara tí oúnjẹ kò tó. Ó dá ibi ìtọ́jú kan sílẹ̀ fún àwọn ọmọ tí kò tí ì pé ọdún márùn-ún, ó fi àwọn nọ́ọ̀sì sí i láti máa ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ tí a rò pé dókítà nìkan ni ó lè ṣe; a ń wọn ọmọ, a ń sàmì ìwọ̀n rẹ̀ sórí ìwé, ìyá sì ni ó ń mú ìwé náà lọ sílé láti tọ́jú fúnra rẹ̀. Ó ṣọ̀wọ́n nígbà náà kí a fi ìwé aláìsàn lé ìyá lọ́wọ́. Òkèmẹ̀sí kò jìnnà sí ibẹ̀, èdè àti oúnjẹ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò ní irú ibi ìtọ́jú bẹ́ẹ̀. Nígbà tí Nicholas Cunningham fi ìlú méjèèjì wé ara wọn, nínú ìwé tí ó jáde ní 1978, ikú ọmọdé kéré ní Ìmẹ̀sí-Ilé ju ti Òkèmẹ̀sí lọ.

Ní Èkìtì, Orubuloye àti Caldwell ṣe irú ìwádìí kan náà, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975. Ìdó ní ilé ìwòsàn àti dókítà. Ìsinbọ̀dé kò ní. Ọmọ tí a bí ní Ìdó ní ìrètí láti dàgbà ju ọmọ tí a bí ní Ìsinbọ̀dé lọ gan-an. Ṣùgbọ́n ní 1979 Caldwell fi ohun kan kún un láti inú ohun tí ó rí ní Ìbàdàn, ohun náà sì yẹ kí ó mú àwa tí a fi ilé-ìwé ṣe iṣẹ́ ronú. Ó rí i pé ẹ̀kọ́ ìyá ní agbára tirẹ̀ lórí ẹ̀mí ọmọ, yàtọ̀ sí owó ọkọ rẹ̀ àti iṣẹ́ tí ọkọ náà ń ṣe. Kì í ṣe pé ìyá náà ka ìwé ìṣègùn ní ilé-ìwé. Ìwé fún un ní ẹnu nínú ilé ni. Ìyàwó tí kò kàwé yóò dúró títí ìyá ọkọ rẹ̀ yóò fi pinnu ohun tí a ó fún ọmọ jẹ àti ìgbà tí a ó gbé e jáde. Èyí tí ó kàwé lè kúnlẹ̀ kí ó sì wí pé, "Ìyá, ẹ jọ̀wọ́, ara ọmọ yìí gbóná jù, ẹ jẹ́ kí n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lálẹ́ yìí," a ó sì jẹ́ kí ó lọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni ó ti kú láàrin ìgbà tí ìyá mọ ohun tí ó yẹ àti ìgbà tí a fún un láyè láti ṣe é.

Ẹnì kan lè wí pé, àti ìwà ẹni ńkọ́? Ẹni tí ó ń mu ọtí, ẹni tí ó ń da iyọ̀ sí ọbẹ̀ bí ẹni ń da iyẹ̀pẹ̀, ẹni tí kì í fi ẹsẹ̀ rìn mọ́, ṣé ìlú ni ó rán an? A kò sọ bẹ́ẹ̀, a sì ti bá irú àwọn bẹ́ẹ̀ wí nínú ìjọ. Síbẹ̀ ẹ wo ohun tí Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 1997 nípa ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn ènìyàn tí orísun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú 100 àgbàlagbà ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí Igbó-Ọrà wà nínú àwọn ibi tí a ti wò wọ́n, 16 ni ó ní i. Ní àwọn erékùṣù Kàríbíánì, 26. Ní Amẹ́ríkà, 33. Ìran kan náà ni wọ́n, àwọn tí a kó lọ lẹ́rú àti àwọn tí ó kù sílé. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀jẹ̀ nìkan, iye náà ìbá dọ́gba. Bí ó bá sì jẹ́ ìwà nìkan, a ní láti gbà pé gbogbo ènìyàn kan ṣubú sínú ìwà búburú pọ̀ nítorí pé wọ́n sọdá omi. Ọjà tí ènìyàn ń ná, iṣẹ́ tí ó ń ṣe àti ìlú tí ó ń gbé ni ó ń gbé ìwà kan wá sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ tí ó sì ń mú èkejì jìnnà sí i.

A ti fi ọ̀rọ̀ sòbìà sí ìgbẹ̀yìn, nítorí ó fi ìpín ilẹ̀, ti ìlú àti ti ẹni hàn pọ̀. Àwọn àgbà inú yín mọ̀ ọ́n: kòkòrò gígùn funfun bí òwú tí ó ń yọ jáde ní ẹsẹ̀, tí a ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ká díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọjọ́, tí ó ń so àgbẹ̀ mọ́ ẹní ní àkókò tí iṣẹ́ oko kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹni tí ó ní i bá wọ inú adágún omi, kòkòrò náà a tú ọmọ rẹ̀ síbẹ̀. Ẹ̀dá tíntìnní inú omi a gbé e mì. Ẹni tí ó bá mu omi náà gbé ẹ̀dá tíntìnní náà mì, lẹ́yìn bí ọdún kan òun náà á ní i. Nígbà tí a ka àwọn tí ó ní i ní gbogbo Nàìjíríà láàrin 1988 àti 1989, wọ́n ju 650,000 lọ. Ìpínlẹ̀ Kwara, nínú èyí tí àwa pẹ̀lú wà títí a fi dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní August 1991, wà nínú àwọn ibi tí ó ti jà.

Ohun tí a ṣe kò ní àdììtú. A gbẹ́ kànga jíjìn sí ibi tí ó ṣeé ṣe. A fún àwọn obìnrin ní aṣọ láti fi sẹ́ omi kí wọ́n tó bù ú sínú àmù. A da oògùn sínú àwọn adágún láti pa ẹ̀dá tíntìnní náà. A yan ẹnì kan ní abúlé kọ̀ọ̀kan láti máa ṣọ́ ẹni tí sòbìà rẹ̀ bá ń yọ, kí ó má bàa wọ inú omi. Yakubu Gowon, tí ó ti jẹ́ olórí orílẹ̀-èdè, fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ sí abúlé púpọ̀ láti bá àwọn ọba àti àwọn aláṣẹ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ ilé iṣẹ́ Jimmy Carter láti Amẹ́ríkà. Obìnrin tí ó ń sẹ́ omi ṣe ipa tirẹ̀ lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ẹnì kan ní láti fún un ní aṣọ náà, aládùúgbò rẹ̀ pẹ̀lú sì ní láti dúró ní bèbè pẹ̀lú ẹsẹ̀ dídùn rẹ̀ kí ó má wọ inú omi. Ní November 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn ní Nàìjíríà, ní abúlé kan ní ìpínlẹ̀ Enugu, ní 2013 sì ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fún wa ní ìwé ẹ̀rí pé ó ti tán. Títí di òní yìí, kò sí oògùn tí ó ń wo sòbìà, bẹ́ẹ̀ ni kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára rẹ̀.